Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ti Kútọnu Dé: Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Parí Ìrìn Yín l'Ékòó Kílẹ̀ Tó Ṣú

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará wa tó ń ti Kútọnu, Àjàṣẹ́, Kétu àti Sakẹ́tẹ́ wá gbé l'Ékòó. Ẹnì kan á jí láàárọ̀, á ní òun fẹ́ lọ gba síìmù, òun fẹ́ ṣẹ́ owó, òun fẹ́ ra aṣọ ní Balógun, òun fẹ́ gbé ẹrù fún ẹ̀gbọ́n òun ní Ìkẹjà, kóun sì rọ gáàsì bọ̀ wálé. Tó bá fi máa di aago mẹ́jọ alẹ́, ẹsẹ̀ á ti wú, owó ọkọ̀ á ti tán, ìrìn kan ṣoṣo ló sì máa parí nínú márààrún. Lọ́jọ́ kejì, á tún jáde bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀lẹ, orí ẹ̀ sì pé. Yorùbá lòun náà ń sọ, ó wá rò pé bí èdè ṣe jọra ni ìlú náà ṣe máa jọra. Kò jọra rárá. Ẹni tó bá mọ ohun tó yẹ kó ṣáájú, tó sì mọ ìhà ọ̀sà tí ìrìn kọ̀ọ̀kan wà, á ṣe mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́, á sì tètè délé. Bí mo ṣe máa ń tò ó fún àwọn tó bá dé sílé wa ní Orílé-Ìgánmú ni mo fẹ́ tò ó fún yín.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó jọ kẹ́ ẹ tó jáde

- Ìwé ìrìnnà yín, tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí ní bodè Sẹ̀mẹ̀. Ẹ má bá ẹni tó ń gba ẹ̀bùrú wọlé rìn. Òǹtẹ̀ yẹn ló ń sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ dé, ẹ sì máa nílò ẹ̀ níwájú. Ẹ ṣe ẹ̀dà ojú ìwé tí fọ́tò wà àti ojú ìwé tí òǹtẹ̀ wà, kẹ́ ẹ fi ojúlówó sílé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ ọjà nìkan.
- Fóònù tó ń gba síìmù méjì. Ẹ má sọ síìmù ti Kútọnu nù, torí orí ẹ̀ ni báńkì àti àwọn ará ilé ti máa ń wá yín.
- Náírà wẹ́wẹ́: 100, 200 àti 500.
- Ìwé pélébé tẹ́ ẹ kọ àdírẹ́sì ilé tẹ́ ẹ ń gbé sí, pẹ̀lú orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù tó sún mọ́ ọn jù àti nọ́ńbà ẹnì kan nínú ilé náà. Fóònù lè kú, ìwé kì í kú.
- Orí ṣájà ẹlẹ́nu mẹ́ta. Ẹlẹ́nu róbótó méjì là ń lò nílé, ògiri Èkó ò gbà á.
- Àpò kékeré tó ṣeé gbé kọ́ àyà. Àpò ẹ̀yìn ò dáa nínú èrò.

1. Ẹ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà tó jẹ́ tiyín

Orí nọ́ńbà yìí ni gbogbo nǹkan máa ń gbà wá bá yín. Oníṣòwò á fi pè yín, ẹni tó gbẹ́rù yín ní páàkì á fi wá yín, báńkì náà á fi ránṣẹ́ sí yín. Ìdí nìyẹn tó fi ṣáájú owó pàápàá.

Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí iléeṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ ṣí, ì báà jẹ́ MTN, Airtel tàbí Glo. Ẹ mú ojúlówó ìwé ìrìnnà dání. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni yín, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Nàìjíríà ń fúnni, ni wọ́n fi ń forúkọ síìmù ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀, tiyín ò tíì sí, ìwé ìrìnnà ni wọ́n máa wò. Wọ́n á ya yín ní fọ́tò, wọ́n á sì gba ìka yín.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣì í: abẹ́ agboòrùn lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹnì kan á ní òun ní síìmù tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò gba wàhálà, ẹ ṣáà fi sí fóònù. Ẹ má rà á. Nọ́ńbà tó bá wà lórúkọ ẹlòmíì, ẹlòmíì ló ni ín. Tí wọ́n bá ti fi lu jìbìtì rí, ọwọ́ yín ni wọ́n ti máa bá a. Ó sì lè jẹ́ pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fún gbogbo ayé ní nọ́ńbà náà tán ni wọ́n á tì í pa.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀: ẹ pe fóònù ẹni tó wà níwájú yín, kó tún pè yín padà, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí i hàn yín lójú ẹ̀rọ wọn. Orúkọ wa máa ń bà jẹ́ lọ́wọ́ wọn, pàápàá èyí tí wọ́n bá fi sípẹ́lì Faransé kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ilé. Láti 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti kúrò ní mẹ́jọ, ó ti di mẹ́wàá. 01 ni wọ́n fi síwájú gbogbo ẹ̀. Torí náà, ẹ tẹ +229, lẹ́yìn náà 01, kẹ́ ẹ tó tẹ mẹ́jọ àtijọ́. Àwọn nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti tọ́jú látìgbà pípẹ́ ò ní wọlé bí ẹ ò bá tún wọn ṣe.

2. Owó

Kẹ́ ẹ tó dé iwájú ẹni tó ń ṣẹ́ owó, ẹ ti béèrè lọ́wọ́ èèyàn méjì iye tí wọ́n ń ṣẹ́ sẹ́fà sí lọ́jọ́ náà. Iye àná kì í ṣe ti òní. Ẹ má ṣẹ́ gbogbo owó yín ní bodè. Ẹ ṣẹ́ èyí tó máa gbé yín dé ilé àti èyí tẹ́ ẹ máa ná fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kẹ́ ẹ wá fi ara balẹ̀ ṣẹ́ ìyókù.

Ẹ ka náírà tiyín pé kí sẹ́fà tó kúrò lọ́wọ́ yín. Tẹ́nì kan bá ń bá yín sọ̀rọ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ dákẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ padà láti orí ẹyọ kan. Tí ẹni tó ń ṣẹ́ ẹ bá gba owó náà padà lọ́wọ́ yín láti "tún un kà", ẹ tún un kà lẹ́yìn ẹ̀. Àárín ìgbà yẹn gan-an ni owó ti máa ń dín.

Ẹ máa rí 200, 500 àti 1000 náírà oríṣi méjì, ti àtijọ́ àti èyí tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ ẹ̀ ní ìparí ọdún 2022. Méjèèjì ni Èkó ń ná. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀kan ti kú kó wá fi owó kékeré gbà á lọ́wọ́ yín. Owó tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ̀, torí kọ̀ndọ́ àti àwọn ìyá ọlọ́jà máa kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin náà. Owó onírin tó ń dún lápò gbogbo wa ní Kútọnu, ẹ gbàgbé ẹ̀ níbí. Bébà ni gbogbo ẹ̀.

MoMo tẹ́ ẹ fi ń sanwó nílé, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e l'Ékòó. Àwọn ẹlẹ́rọ POS, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbowó lórí káàdì báńkì, ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yẹn níbí, wọ́n sì wà ní gbogbo ìkóríta. Bẹ́ ẹ bá ń gbowó lọ́wọ́ wọn, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n máa yọ fún ara wọn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ san owó fún yín, ẹ dúró de àlàátì lórí fóònù tiyín. Ohun tó bá fi hàn yín lórí fóònù ẹ̀ kì í ṣe owó. Àwọn ọlọ́jà mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi owó ránṣẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n fi yín pe olè.

3. Ẹ mọ orúkọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́

L'Ékòó, nọ́ńbà ilé ò tó láti fi wá ilé. Bọ́sítọ́ọ̀pù ni wọ́n fi ń júwe, lẹ́yìn náà ohun kan tó hàn: ilé epo, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, orí afárá ẹlẹ́sẹ̀. Tẹ́nì kan bá fún yín ní òpópónà àti nọ́ńbà nìkan, ẹ bi í pé: "Bọ́sítọ́ọ̀pù wo ni mo máa bọ́ sí? Kí ni mo máa rí tí mo bá bọ́ọ́lẹ̀?"

Orúkọ tó jọra ló ń gbé àwọn ará wa sọnù jù. Ẹni tó ti Kétu tiwa wá, tó bá dárúkọ Kétu ní páàkì, Kétu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 12 ni wọ́n máa gbé e lọ. Orílé-Ìgánmú wà, Orílé-Agége wà, ọ̀nà wọn ò sì pàdé. Ìyànà-Ìpájà, Ìyànà-Ìsọlọ̀ àti Ìyànà-Ìbà, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mẹ́ta ni. Alaba tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣọ̀n àti fìríìjì wà ní ọ̀nà Òjó. Suru-Alaba tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí, ibòmíì ni. Ẹ má dárúkọ ààbọ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yé yín: ẹ lè sọ fún kọ̀ndọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìwo ìwé, ibi tẹ́ ẹ ń lọ, bọ́sítọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ máa bọ́ sí, àti èyí tó ṣáájú ẹ̀.

4. Ẹ pín ìrìn yín sí ìhà ọ̀sà méjì

Ibi tí ọjọ́ ti ń bà jẹ́ gan-an rè é. Áílàǹdì wà lọ́tọ̀, Méńlàǹdì wà lọ́tọ̀, afárá mẹ́ta ló so wọ́n pọ̀: Third Mainland, Carter àti Èkó. Láàárọ̀, gbogbo ìlú ń rọ́ lọ sí Áílàǹdì. Nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn ń padà bọ̀. Ẹni tó bá lọ Balógun láàárọ̀, tó padà lọ sí Ìkẹjà lọ́sàn-án, tó tún rántí nǹkan kan ní Màríńà nírọ̀lẹ́, orí afárá ló máa sùn.

Òfin tí mi ò kì í yẹ̀ ni pé ìhà kan lójúmọ́. Ẹ mú ìwé, ẹ fa ìlà sí àárín ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ìrìn kọ̀ọ̀kan sí ìhà tó wà. Aṣọ ní Balógun, ọjà Ìdúmọ̀tà, pírófísọ̀n lọ́pọ̀ ní Òkè-Àrin, ilé aṣojú ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní Victoria Island: Áílàǹdì. Fóònù àti kọ̀ǹpútà ní Computer Village n'Íkẹjà, ata àti iṣu ní Mile 12, ìrẹsì ní Dàlẹ́kọ́ ní Muṣin, òkìrìkà ní Yàbá: Méńlàǹdì. Alaba dá dúró lójúmọ́ tirẹ̀, torí ọ̀nà Òjó kì í fẹ́ kéèyàn kánjú. Èyí tó bá kù, bíi gáàsì àti káàdì iná, ẹ ṣe é ládùúgbò ní alẹ́.

Nínú ìhà kan náà, ẹ kọ́kọ́ lọ síbi tó jìnnà jù, kẹ́ ẹ máa ṣe ìyókù bọ̀ sí ọ̀nà ilé. Ohun tó bá wúwo ló kẹ́yìn. Mo ti rí àwọn tó ra àpò ìrẹsì láàárọ̀ tí wọ́n wá ń gbé e káàkiri ìlú bí ọmọ tí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé aṣojú tàbí báńkì wà nínú ẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ fi ṣíwájú ọjà, torí ìlà níbẹ̀ máa ń gùn, wọ́n sì máa ń tì kí ọjà tó tú.

Ẹ yẹ ìwé yín wò lálẹ́: tí ìrìn ọ̀la bá ju mẹ́rin lọ, tàbí tó bá kan ìhà méjèèjì, ẹ yọ ọ̀kan kúrò.

5. Wíwọ ọkọ̀

Ẹni tó ti Kútọnu dé, sẹ́mìjáàn, ìyẹn ọ̀kadà tiwa, ló mọ̀. Á jáde síta, á ju ọwọ́ sí ọ̀kadà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 1 oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Lagos Island, Lagos Mainland, Apápá àti Ẹtí-Ọ̀sà. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n fi Kósọ̀fẹ́, Ọ̀ṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin kún un. Òfin náà mú ẹni tó ń gùn ún, ó mú ẹni tí wọ́n gbé sẹ́yìn pẹ̀lú. Ẹ ṣì máa rí i láwọn ibi kan. Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Fún ọ̀nà kúkúrú, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni kẹ́ ẹ wọ̀, níbi tí wọ́n bá ti gbà á láyè.

Fún ọ̀nà gígùn, ẹ ra káàdì Cowry tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀, ní ibùdókọ̀ BRT (bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tirẹ̀) tàbí ibùdókọ̀ ojú irin, kẹ́ ẹ sì kówó sí i. Káàdì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú BRT àti ọkọ̀ ojú irin. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Ẹ fi kan ẹ̀rọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé, kẹ́ ẹ tún fi kàn án nígbà tẹ́ ẹ bá ń jáde. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni àlejò máa ń gbàgbé, wọ́n á sì yọ owó gbogbo ọ̀nà náà lórí ẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́sítọ́ọ̀pù kan ló gùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ọ̀nà Bàdágírì wọlé, ọkọ̀ ojú irin Blue Line ni ọ̀rẹ́ yín. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló ti ń gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Màríńà. Kìlómítà 13 ni, ibùdó márùn-ún ló ní: Mile 2, Suru-Alaba, Orílé-Ìgánmú, National Theatre àti Màríńà. Ó gba orí omi kọjá, kò mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Láti Màríńà, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn dé Balógun. Red Line ní tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, láti Agbádo dé Oyíǹgbò, ó ń dúró ní Agége, Ìkẹjà, Ọ̀ṣòdì, Muṣin àti Yàbá. Lójú tèmi, kò sí ìdí tí àlejò fi gbọ́dọ̀ jókòó sínú dánfó lọ sí Áílàǹdì láàárọ̀ bí ó bá ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà méjèèjì yìí.

Síbẹ̀, dánfó ò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ rè é:

Ẹ béèrè owó ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀ sókè. Lásìkò òjò àti nírọ̀lẹ́, ó máa ń lé sí i. Kọ̀ndọ́ á máa pariwo pé "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ó tọ́ sí i. Ẹni tó bá fún un ní 1000 lórí ọ̀nà kékeré, kọ̀ndọ́ lè so ẹni náà àti èrò míì pọ̀, kó fún àwọn méjèèjì ní owó kan ṣoṣo, kó ní kí wọ́n lọ pín in nílẹ̀. Bí wọ́n bá so yín pọ̀ báyìí, ẹ mọ ojú ẹnì kejì yín, kẹ́ ẹ sì jọ bọ́ọ́lẹ̀. Ẹ béèrè ṣéńjì yín nígbà tí bọ́sítọ́ọ̀pù yín ṣì jìnnà. Tẹ́ ẹ bá ti bọ́ọ́lẹ̀ tán, ọkọ̀ ti ṣí.

Bó bá ku bọ́sítọ́ọ̀pù kan, ẹ gbóhùn sókè: "Orílé, ó wà o!" Ohùn pẹ̀lẹ́ tá a fi ń sọ̀rọ̀ nílé ò lè dé iwájú ọkọ̀. Kì í ṣe ìwà àrífín, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹsẹ̀ òsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ, torí kì í dúró pátápátá.

Ẹ wọ ọkọ̀ ní páàkì tàbí ní ibùdókọ̀. Ọkọ̀ àdáni tó bá dúró fún yín lójú ọ̀nà, tí ọkùnrin mẹ́ta dákẹ́ sínú ẹ̀ tí àyè kan ṣoṣo sì kù láàárín, ẹ má wọ̀ ọ́, bó ti wù kó rọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ làwọn ọlọ́ṣà one chance ṣe ń ṣe é. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó ni 767 tàbí 112. Ẹ tọ́jú ẹ̀ sórí fóònù. Àti pé orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa gbà sọdá títì ńlá. Ẹ má tẹ̀ lé àwọn tó ń sáré gba àárín ọkọ̀, ẹ̀mí yín ṣe pàtàkì sí wa.

Bó ti yẹ kó rí: ẹ délé pẹ̀lú ṣéńjì yín, ẹ sì lè sọ iye tí ìrìn náà jẹ́ ní àlọ àti àbọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò sí kọ̀ndọ́ tó máa lè fi owó ọkọ̀ rẹ́ yín jẹ.

6. Ọjà

Ìkíni ló ṣáájú. Ẹni tó bá kàn na ìka sí ọjà, tó ní "Èló?", iye àlejò ni wọ́n máa pè fún un. Ẹ dúró, ẹ kí i:

"Ẹ kú ọjà o, mà. Ajé á wọgbá o."

"Àmín o, ẹ ṣeun. Kí lẹ fẹ́ rà?"

"Àǹkárá yìí ni mo ń wò. Èló lẹ máa fún mi?"

Ó máa dá iye kan. Ẹ má bínú, ẹ má sì rẹ́rìn-ín. "Ó ti wọ́n jù, mà. Èló ni jálẹ̀ ẹ̀?" Ó máa dín díẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa wá dá tiyín. Ohun tẹ́ ẹ máa fi sọ́kàn ni pé ìgbà tẹ́ ẹ bá ti dá iye, tí ìyá náà sì ní "Ẹ mú owó wá," ẹ ti rà á nìyẹn. Kẹ́ ẹ máa wá sọ pé ẹ fẹ́ yíká ná, èébú lẹ wá gbà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yíká ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta láìdá iye kankan, ẹ ṣáà béèrè, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ.

Láàárọ̀ kùtù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàtẹ kì í fẹ́ kí oníbàárà àkọ́kọ́ ná ọjà títí kó tún wá fi í sílẹ̀. Bí ẹ ò bá ní rà, ẹ má ná ọjà àárọ̀. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rà, ìgbà yẹn gan-an ló máa ń dín in, torí ó fẹ́ kí ọjà òun ṣí.

Ohùn yín máa fi yín hàn. Wọ́n á ní "Ẹ ò kì í ṣe ará ibí o." Ẹ má purọ́. Ẹ dáhùn pé "Ará Kétu ni mí, mà, ṣùgbọ́n Orílé ni mò ń gbé." Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ó ti mọ̀ pé ẹ máa padà wá.

Bí a ṣe ń wọn nǹkan yàtọ̀. Pagne la fi ń ka aṣọ ní Kútọnu. Yáàdì ni wọ́n ń lò níbí. Pagne kan jẹ́ yáàdì méjì. Nítorí náà, yáàdì mẹ́fà jẹ́ pagne mẹ́ta, odidi páálí tó jẹ́ yáàdì 12 sì jẹ́ pagne mẹ́fà. Àwọn kan ń béèrè "mẹ́ta" bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé, wọ́n wá gba yáàdì mẹ́ta délé, kò tó ìró àti bùbá. Ẹ sọ iye yáàdì, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n nà án níwájú yín.

Ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí, kóńgò tàbí dẹ́ríkà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ wo inú kóńgò náà kí wọ́n tó bù ú: bí ìdí ẹ̀ bá ti wọnú, tàbí tí wọ́n tẹ́ nǹkan sí i, ẹ ní kí wọ́n lo òmíràn. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọn ò ní jà. Tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ènì. Ènì kì í ṣe ọrẹ àánú. Bí wọ́n ò bá fún yín láìbéèrè, ẹ béèrè.

Ní Balógun àti Computer Village, àwọn ọmọkùnrin á máa fà yín lọ́wọ́, wọ́n á ní àwọn mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á pọ́ọ́kú. Owó tiwọn wà nínú ohun tẹ́ ẹ máa san. Ẹ sọ pé "Mo ti ní kọ́sítọ́mà," kẹ́ ẹ máa lọ láìdúró. Fóònù, inú ṣọ́ọ̀bù tó ní orúkọ lẹ́nu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ ti rà á. Ẹ fi síìmù yín sí i, ẹ pè, ẹ ya fọ́tò, ẹ fi ṣájà kàn án, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà (IMEI) wà lórí ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ dán wò gan-an ni kẹ́ ẹ gbé lọ. Bí ẹni náà bá ní òun fẹ́ wọlé lọ bá yín dì í dáadáa, ẹ bá a wọlé, tàbí kẹ́ ẹ mú u láìdì.

Bẹ́ ẹ bá gba aláàárù, ẹ bá a ná an dé ẹnu ọkọ̀ kó tó gbé e, kẹ́ ẹ sì máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí ìjà owó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti ọlọ́jà, ẹ má pariwo. Ẹ béèrè ìyálọ́jà tàbí olórí ìlà náà. Wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ àlejò, pàápàá tẹ́ ẹ bá kúnlẹ̀ kí wọn tàbí tẹ́ ẹ bá dọ̀bálẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní ìlà tẹ́ ẹ ti rajà: ẹ tú ẹrù náà wò níwájú ẹni tó tà á, ẹ ka owó tó kù, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà kejì tàbí ìkẹta, ẹ lè máa pè é láti ilé kó bá yín tọ́jú ọjà sílẹ̀.

7. Iná àti gáàsì

Ẹ béèrè nọ́ńbà mítà ilé yín, kẹ́ ẹ sì mọ̀ bóyá Ikeja Electric ni àbí Eko Electricity. Iléeṣẹ́ méjì yìí ló pín Èkó láàárín ara wọn, káàdì ọ̀kan ò wọ èkejì. Tẹ́ ẹ bá sanwó, nọ́ńbà 20 ni wọ́n á fún yín láti tẹ̀ sí mítà. Ẹ ní kí wọ́n ka orúkọ tó jáde fún yín kẹ́ ẹ tó san: orúkọ onílé yín ni kó jẹ́. Fún gáàsì, ẹ lọ sí ibi tí òṣùwọ̀n wà, kí wọ́n gbé sìlíńdà sórí ẹ̀ lófìfo, kí wọ́n tún gbé e síbẹ̀ tó bá kún. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni kílò tẹ́ ẹ rà. Ẹ fi omi ọṣẹ kan ẹnu ẹ̀ nílé. Bó bá ń hó, ẹ má tan iná.

8. Ìwé ìgbé, kí 90 ọjọ́ tó pé

Àdéhùn ECOWAS, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ti ọdún 1979 fún ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láyè láti wọ Nàìjíríà láìgba físà, kó sì dúró fún 90 ọjọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa gbà pé torí pé Yorùbá ni wá, ọjọ́ náà ò kàn wá. Ó kàn wá. Ẹ ka ọjọ́ láti orí òǹtẹ̀ Sẹ̀mẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ fi àmì sí ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ ti gbọ́dọ̀ máa lọ sí ọ́fíìsì Ìmígíréṣọ̀n láti béèrè ohun tí káàdì ìgbé ECOWAS gbà. Àwọn tó ń dúró níta ọgbà, tí wọ́n ní àwọn lè bá yín ṣe é kíákíá, ẹ kọjá lára wọn. Kò sí ẹnikẹ́ni níta tó yẹ kí ìwé ìrìnnà yín wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Àjòjì tó ń gbé ìlú lọ́nà òfin náà lè forúkọ sílẹ̀ fún NIN, ẹ sì máa nílò ẹ̀ bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí àpò báńkì tó péye. Iléeṣẹ́ NIMC tàbí àwọn tí wọ́n fún láṣẹ ló ń ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Àtúnṣe ló ń gbowó. Nítorí náà, ẹ jókòó ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ ka orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ìlú yín lójú kọ̀ǹpútà lẹ́tà lẹ́tà kó tó fi ránṣẹ́. Kó bá tinú ìwé ìrìnnà mu, kó sì bá ti síìmù mu. Tí nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 11 náà bá ti jáde, ẹ tẹ *346# lórí síìmù yín. Bí nọ́ńbà kan náà bá fara hàn, ẹ ti ṣe é tán. Bí kò bá fara hàn, ẹ padà lọ bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fún yín.